Háídírójìn gíráàmù 10, ọ́síjìn gíráàmù 10, kí ló dé tí omi ò fi jẹ́ gíráàmù 20?

Ọmọ SS2 kan ní Ìkẹ́rẹ́-Èkìtì ló fi ìbéèrè yìí ránṣẹ́, mo gé e kúrú díẹ̀:

"Ẹ̀gbọ́n, ẹ kú iṣẹ́ o. Tíṣà kẹ́mísírì wa bi wá pé tí a bá ní háídírójìn 10 g àti ọ́síjìn 10 g, tí wọ́n para pọ̀ di omi, gíráàmù mélòó ni omi náà máa jẹ́. Èmi kọ 20 g torí wọ́n ti kọ́ wa pé ìwúwo kì í sọnù nínú reaction. Wọ́n máàkì mi rọ́ọ̀ngì. Ọ̀rẹ́ mi kọ 11.25 g, òun gbà á, àmọ́ nígbà tí mo ní kó ṣàlàyé fún mi, ó ní fọ́múlà lòun kàn fi ṣe é. Ẹ jọ̀ọ́ sà, 8.75 g tó kù dà? Kí sì ni mole tí wọ́n ń pariwo yìí gan-an, ìgbà wo là ń pín, ìgbà wo là ń ṣe táìmúsì?"

Àbúrò mi, ìbéèrè ẹ dáa gan, ó dáa ju ìdáhùn ọ̀rẹ́ ẹ lọ pàápàá, bó tiẹ̀ jẹ́ pé òun ló gba máàkì. Òfin tó o gbára lé yẹn ò parọ́, ìwúwo kì í sọnù. Ohun tó ṣì ẹ́ lọ́nà ni pé o rò pé gbogbo ohun tí wọ́n bá kó pọ̀ ló gbọ́dọ̀ di omi, bẹ́ẹ̀ òfin yẹn ò sọ bẹ́ẹ̀. 8.75 g yẹn ò rìnrìn àjò kankan, háídírójìn ni, ó wà nínú ìgò níbẹ̀ tó ń wòran, kò rí ọ́síjìn tó máa bá lò. Ro ó pọ̀ wò: omi 11.25, háídírójìn tó ṣẹ́kù 8.75, ṣé 20 kọ́ nìyẹn? (Kí ẹnì kan má lọ dán an wò nílé o. Háídírójìn àti ọ́síjìn tó bá wà pa pọ̀, iná ìṣáná kékeré ló ń wá, á sì bú gbàù.)

Ó wá ku pé kí ló dé tí ọ́síjìn fi kọ́kọ́ tán, nígbà tó jẹ́ pé ìwọ̀n kan náà la gbé wọn sórí síkéèlì. Ibẹ̀ ni gbogbo ọ̀rọ̀ mole wà.

Wo equation omi: 2H₂ + O₂ → 2H₂O. Wò ó dáadáa kó o fi gíráàmù kan hàn mí níbẹ̀. Kò sí. Ohun tó ń sọ ni pé mólékù (ìyẹn átọ́ọ̀mù tó so mọ́ra) háídírójìn méjì ló ń bá mólékù ọ́síjìn kan ṣe, mólékù omi méjì á jáde. Iye ni, kì í ṣe ìwúwo. Átọ́ọ̀mù ò mọ síkéèlì, kò mọ gíráàmù, àwa èèyàn la mọ̀ ọ́n. Àwọn ọmọ tí mò ń kọ́ l'Ádó níbí, ọ̀pọ̀ ló máa ń ka 2 tó wà níwájú H₂ yẹn bí ẹni pé gíráàmù méjì ni wọ́n wí, tí wọ́n bá sì ti kà á bẹ́ẹ̀, gbogbo ìṣírò tó bá tẹ̀ lé e ti bàjẹ́ nìyẹn, kálíkúlétọ̀ tó dára jù láyé ò lè gbà wọ́n.

Wàhálà ibẹ̀ ni pé reaction ń fi iye ṣiṣẹ́, àwa sì nìyí, a ò lè ka átọ́ọ̀mù lọ́kọ̀ọ̀kan, wíwọ̀n nìkan la lè wọ̀n ọ́n. Báwo la ṣe máa mọ iye nípa wíwọ̀n? Lọ bá ìyá tó ń ta ẹyin l'Ọ́jà Ọba. Kíréètì ẹyin adìẹ kan, ọgbọ̀n ni. Kó ẹyin awó sínú kíréètì tiẹ̀, ọgbọ̀n náà ni. Gbé méjèèjì sórí síkéèlì, wọn ò ní wúwo bákan náà, torí ẹyin awó kéré, àmọ́ kò sẹ́ni tó máa sọ pé èyí tó wúwo ló ní ẹyin púpọ̀ jù. Tí ìyá yẹn bá sì ti mọ ohun tí kíréètì kan ẹyin adìẹ ń wọ̀n àti ohun tí kíréètì kan ẹyin awó ń wọ̀n, o lè gbé ẹyin kún agbọ̀n wá, kó gbé e sórí síkéèlì, kó sọ fún ẹ pé kíréètì mélòó ló wà níbẹ̀ láì ka ẹyọ kan. Mole ni kíréètì àwọn oníkẹ́mísírì. Kò ju bẹ́ẹ̀ lọ.

Àmọ́ kíréètì tiwọn ò gba ọgbọ̀n o, 6.02 × 10²³ ló ń gbà. Ìyẹn ni pé kó o kọ 602, kó o wá fi òdo mọ́kànlélógún tẹ̀ lé e. Ká ní gbogbo èèyàn tó wà láyé, bíi bílíọ̀nù 8, jókòó tí wọ́n ń kà á, kí kálukú máa ka ẹyọ kan ní ìṣẹ́jú àáyá kọ̀ọ̀kan, láì sùn, láì jẹun, á gbà wọ́n ju mílíọ̀nù ọdún méjì lọ kí wọ́n tó ka mole kan tán. Bẹ́ẹ̀ mole kan omi ò ju gíráàmù 18 lọ, bíi ṣíbí tíì kékeré mẹ́ta àti ààbọ̀. Àní sé, èèyàn á kàn gbé e mì ni. Torí átọ́ọ̀mù kéré débi pé tí wọn ò bá pọ̀ tó báyẹn, síkéèlì ilé ìwé ò tiẹ̀ ní mọ̀ pé nǹkan kan wà lórí òun.

Kí ló dé tó fi jẹ́ 6.02 × 10²³ tí kì í ṣe nọ́ńbà tó gún régé? Wọ́n ṣètò ẹ̀ kí nǹkan lè rọ̀ wá lọ́rùn ni. Wọ́n mú kábọ́ọ̀nù-12, gíráàmù 12 gérégé, wọ́n ní iye átọ́ọ̀mù yòówù tó bá wà nínú ẹ̀, iye yẹn là ń pè ní mole kan. Àǹfààní ẹ̀ ni pé nọ́ńbà tó o bá ti rí lábẹ́ element kan nínú periodic table, tó o bá ti fi gíráàmù síwájú ẹ̀, mole kan nìyẹn. Sodium 23, gíráàmù 23 ni mole kan. Lead 207, gíráàmù 207. Lithium, tó wà nínú àwọn òkúta tí wọ́n ń wà n'Íjerò lọ́hùn-ún, gíráàmù 7 péré ni mole kan ẹ̀. Iye átọ́ọ̀mù tó wà nínú lithium 7 g yẹn àti èyí tó wà nínú lead 207 g, ọgbọọgba ni wọ́n, kò fi ẹyọ kan jura lọ. Tó bá jẹ́ ohun tí element mélòó kan para pọ̀ ṣe, wàá ro wọ́n pọ̀: iyọ̀, NaCl, 23 pẹ̀lú 35.5, ó jẹ́ 58.5. Ṣúgà, C₁₂H₂₂O₁₁, 342. Omi 18. Pure water ọ̀ra kan tó jẹ́ 50cl, bíi gíráàmù 500 nìyẹn, fi 18 pín in, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó mole 28.

Wọ́n ń pe nọ́ńbà yẹn ní nọ́ńbà Avogadro, ọmọ ilẹ̀ Ítálì ni Amedeo Avogadro, àmọ́ òun fúnra ẹ̀ ò mọ̀ ọ́n títí tó fi kú ní 1856. Ohun tó sọ ní 1811 ni pé tí gáàsì méjì bá gba àyè kan náà, tí ooru àti ìtẹ̀mọ́lẹ̀ wọn bá dọ́gba, iye mólékù wọn dọ́gba. Ará Faransé kan, Jean Perrin, ló fi orúkọ ẹ̀ pe nọ́ńbà yẹn ní 1909 láti fi bọlá fún un. Láti 2019 ni wọ́n ti wá fi òté lé e pé 6.02214076 × 10²³ ni, kò gbọ́dọ̀ yẹ̀. Ìwọ lo 6.02 × 10²³ ní tìẹ, òun ni WAEC ń lò.

Ó yá, ká padà sórí ìbéèrè tíṣà yín. Má gbàgbé pé háídírójìn kì í dá rìn, méjì méjì ni, H₂, torí náà mole kan ẹ̀ jẹ́ 2 g. Ọ́síjìn náà, O₂, 32 g. (Ibí yìí ti pa ọ̀pọ̀ èèyàn lẹ́kún o, wọ́n á lo 1 fún háídírójìn gáàsì, wọ́n á lo 16 fún ọ́síjìn gáàsì. Nitrogen àti chlorine náà, méjì méjì ni.) Háídírójìn 10 g, fi 2 pín in, mole 5. Ọ́síjìn 10 g, fi 32 pín in, mole 0.3125. Ṣé o ti rí i báyìí? Lórí síkéèlì wọ́n dọ́gba, àmọ́ tá a bá kà wọ́n, háídírójìn fi ìlọ́po mẹ́rìndínlógún pọ̀ ju ọ́síjìn lọ. Equation wá sọ pé háídírójìn méjì sí ọ́síjìn kan. Ọ́síjìn mole 0.3125 yìí, háídírójìn tó máa lò ò ju 0.625 lọ, a sì ní 5 nílẹ̀. Ọ́síjìn ló máa kọ́kọ́ tán, tó bá sì ti tán, eré parí. Omi tó jáde jẹ́ mole 0.625, torí H₂ méjì ló ń mú omi méjì jáde, ṣe 0.625 táìmúsì 18, ó jẹ́ 11.25 g. Háídírójìn tó ṣẹ́kù jẹ́ 5 yọ 0.625, ìyẹn mole 4.375, táìmúsì 2, ó jẹ́ 8.75 g. Ohun tí ọ̀rẹ́ ẹ ṣe nìyẹn láì mọ̀.

Ká ní tíṣà yín fẹ́ kí gbogbo háídírójìn 10 g yẹn di omi, mole 5 nílò ọ́síjìn mole 2.5, ìyẹn 80 g. 10 pẹ̀lú 80, omi 90 g, kò sí ìyókù kankan. Ìgbà yẹn ni èrò ẹ pé kéèyàn kàn ro méjèèjì pọ̀ máa tó bá a mu.

Èyí tó kọ́kọ́ tán yẹn ni wọ́n ń pè ní limiting reagent, tí wọ́n bá ti dárúkọ ẹ̀ báyìí ẹ̀rù á ba ọmọ, bẹ́ẹ̀ kò le. Bí wàá ṣe mọ̀ ọ́n: wá mole kálukú, kó o wá fi nọ́ńbà tó wà níwájú ẹ̀ nínú equation pín in, èyí tó bá kéré jù ló máa kọ́kọ́ tán. Má wo gíráàmù rárá. Má sì wo mole lásán láì fi nọ́ńbà iwájú pín in, torí mo ti rí ọmọ tó mọ̀wé dáadáa tó ṣe gbogbo ẹ̀ tó wá ṣubú síbẹ̀.

Ìgbà wo là ń pín, ìgbà wo là ń ṣe táìmúsì? Èmi ò fẹ́ràn kí wọ́n máa ní kí ọmọ ha fọ́múlà sórí, torí lọ́jọ́ ẹ̀sáàmù àyà á já, fọ́múlà á dojú dé. Ohun tó o máa bi ara ẹ ni pé: ṣé mò ń lọ sínú mole ni àbí mò ń jáde kúrò níbẹ̀? Tó o bá ní gíráàmù lọ́wọ́ tó o fẹ́ mọ mole, o ń wọlé, pín, fi molar mass (ìwúwo mole kan) pín in. Tó o bá ti ní mole tó o fẹ́ gíráàmù, o ń jáde, táìmúsì. Gáàsì bẹ́ẹ̀ náà ni, 22.4 dm³ (dm³ kan ni lítà kan), ìyẹn àyè tí mole kan gáàsì ń gbà, lo máa fi pín tàbí fi ṣe táìmúsì tí wọ́n bá ti ní s.t.p. (ooru àti ìtẹ̀mọ́lẹ̀ tí wọ́n fẹnu kò sí). Iye átọ́ọ̀mù tàbí mólékù náà bẹ́ẹ̀, 6.02 × 10²³. Solution, ìyẹn nǹkan tí wọ́n yọ́ sínú omi, nìkan ló yàtọ̀, òun lolórí kunkun inú wọn. Tí wọ́n bá ní ásíìdì kan jẹ́ 0.1 mol/dm³, ohun tí wọ́n ń sọ ni pé nínú dm³ kan, mole 0.1 ló wà, torí náà tó o bá fẹ́ mọ mole tó wà nínú 0.5 dm³, táìmúsì ni wàá ṣe, ó di 0.05. Kò sí ìdí fún kéèyàn há a sórí, ṣáà ti ka ohun tí concentration (iye mole tó wà nínú dm³ kan) ń sọ.

Ọ̀rọ̀ 22.4 yẹn, òdo dígíríì ni s.t.p. o, Èkìtì níbo la ti rí òdo dígíríì, bí ọyẹ́ bá tilẹ̀ mú tó báwo. Tí wọ́n bá ní ooru inú yàrá, nǹkan bíi 24 dm³ ni. Tó o bá sì rí 22.7 lórí íntánẹ́ẹ̀tì, wọn ò purọ́, wọ́n yí ìtẹ̀mọ́lẹ̀ tí wọ́n ń lò padà díẹ̀ ní 1982 ni, àmọ́ má gbé e lọ sí WAEC.

Jẹ́ kí n fún ẹ ní àpẹẹrẹ tó o lè fojú rí. Ìkarahun ìgbín, calcium carbonate ló pọ̀ jù nínú ẹ̀, CaCO₃. Gún un díẹ̀, da fínígà sí i, wàá rí i tó ń hó, kábọ́ọ̀nù dayọ́síáìdì ló ń jáde yẹn. Nínú lábù, HCl la máa ń lò: CaCO₃ + 2HCl → CaCl₂ + H₂O + CO₂. Molar mass CaCO₃ jẹ́ 40 pẹ̀lú 12 pẹ̀lú 48, ọgọ́rùn-ún gérégé, ìdí nìyẹn tí àwọn tó ń ṣe ìbéèrè ẹ̀sáàmù fi fẹ́ràn ẹ̀ bí nǹkan míì. Ká ní 10 g ni, mole 0.1 nìyẹn. Ẹyọ CaCO₃ kan ń mú CO₂ kan jáde, torí náà CO₂ náà jẹ́ 0.1, tó o bá fẹ́ ẹ ní gíráàmù, 4.4, tó o bá fẹ́ ẹ ní dm³ ní s.t.p., 2.24. HCl tó máa jẹ gbogbo ẹ̀ tán jẹ́ mole 0.2, torí 2 tó wà níwájú ẹ̀. Gbogbo ìbéèrè tí wọ́n lè bi ẹ́ lórí reaction yẹn, inú mole ni wọ́n máa gbà kọjá. Kò sí ọ̀nà àbùjá láti gíráàmù èyí bọ́ sí gíráàmù tọ̀hún. Ẹni tó bá fo mole, á kàn máa méfò ni.

Nípa òfin ìwúwo tó o fẹ́ràn yẹn, wo èédú. Ìyá tó ń yan àgbàdo létí títì dá èédú sínú ààrò, nígbà tí ilẹ̀ ṣú, eérú fíńńfín ló kù, gbogbo èèyàn á ní èédú ti jóná, ó ti tán. Kò tán. C + O₂ → CO₂, kábọ́ọ̀nù 12 g, gáàsì 44 g. Gáàsì tó bá afẹ́fẹ́ lọ yẹn wúwo ju kábọ́ọ̀nù tó jóná lọ, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ìlọ́po mẹ́rin, torí ó gba ọ́síjìn 32 g mọ́ra láti inú afẹ́fẹ́. (Èédú kì í ṣe kábọ́ọ̀nù ògidì o, omi àti àwọn nǹkan míì wà nínú ẹ̀, mo kàn fi ṣàpẹẹrẹ ni.) Èmi gbà pé tí wọ́n bá ń fi èyí bẹ̀rẹ̀ kíláàsì lórí òfin yẹn, kò ní sí ọmọ tó máa rò pé ohun tí òun ò rí ti sọnù.

Titration (kéèyàn máa kán ásíìdì sínú nǹkan bíi NaOH títí àwọ̀ fi yí padà), díẹ̀ báyìí, torí mo mọ̀ pé ibẹ̀ lẹ ń lọ. Tí NaOH 25 cm³ tó jẹ́ 0.1 mol/dm³ bá gba H₂SO₄ 20 cm³ kí àwọ̀ tó yí padà, mole NaOH jẹ́ 0.1 táìmúsì 0.025, ó jẹ́ 0.0025. Cm³ gbọ́dọ̀ di dm³ kó o tó ṣe táìmúsì, fi 1000 pín in. Equation ní H₂SO₄ + 2NaOH, torí náà ásíìdì jẹ́ ìdajì, 0.00125. Fi 0.020 pín in, 0.0625 mol/dm³. Tó bá jẹ́ HCl ni, ọ̀kan sí ọ̀kan, kò sí ìdajì níbẹ̀, 0.125 ló máa jẹ́. Ọmọ tó bá kọ 0.125 fún H₂SO₄, kò gbé equation ẹ̀ wò ni. Fọ́múlà tí wọ́n fi ń ṣe é, tó ní Ca, Va, Cb, Vb yẹn (C ni concentration, V ni iye cm³, a ni ásíìdì, b ni base bíi NaOH), kò burú, mo ń lò ó náà nígbà mìíràn, ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ ló ń kọ na àti nb (nọ́ńbà iwájú wọn nínú equation) sódì níbẹ̀, wọn ò sì ní mọ̀ torí ìdáhùn tó jáde ṣì jọ ìdáhùn gidi.

Gba eléyìí dání, ìwọ àti ọ̀rẹ́ ẹ, kí ó má lo fọ́múlà o: irin 5.6 g àti sulphur 5.6 g, Fe + S → FeS. Fe jẹ́ 56, S jẹ́ 32. Gíráàmù mélòó ni FeS, kí ló ṣẹ́kù, èló ló ṣẹ́kù? Tẹ́ ẹ bá ṣe é bó ṣe yẹ, FeS á jẹ́ 8.8 g, sulphur 2.4 g á ṣẹ́kù, ẹ ro méjèèjì pọ̀, 11.2 ló gbọ́dọ̀ jẹ́. Tí kò bá jẹ́ bẹ́ẹ̀, ẹ padà lọ wo ibi tẹ́ ẹ ti pín.